Ara ọkọ̀ kan, orúkọ mẹ́ta: àkọsílẹ̀ bí mo ṣe ń kan Loderer

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Mo ti ra pákó arère, mo ti jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ti fa ìlà ìwọ̀n sórí bébà. Ìwọ̀n ọkọ̀ yìí jẹ́ 1 sí 150: sẹ̀ǹtímítà kan lórí tábìlì mi dúró fún mítà kan àbọ̀ lójú òkun.

Orúkọ mẹ́ta ni ọkọ̀ tí mo fẹ́ kàn lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ láyé rẹ̀. Loderer ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ Craig Taylor kàn án ní Stockton, létí odò Tees ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1904. Farnborough ló jẹ́ lójú Ogun Àgbáyé Kìíní. Hollypark ló jẹ́ nígbà tó padà sídìí òwò, títí wọ́n fi tú u ká lọ́dún 1928. Ara kan náà ni. Ohun tí mo sì fẹ́ ni ọkọ̀ kékeré kan ṣoṣo tí yóò lè jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìjẹ́ pé mo yọ ẹyọ pákó kan kúrò lára rẹ̀. Ẹ fa òwú, ogun dé. Ẹ dá a padà, èédú ló ń kó.

Ọkọ̀ akéédú ni. Tọ́ọ̀nù 3,207 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Kò lẹ́wà, kò yára, kò sì sí ẹni tí yóò yíjú wò ó lẹ́ẹ̀mejì ní èbúté. Ìdí tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi wá a rí lọ́dún 1915 nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kí n yàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà náà, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi ò ní yé ẹnikẹ́ni láìsí i. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ri ọkọ̀ akẹ́rù lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n tọ̀pídò (àdó olóró tó ń gba inú omi lọ bá ọkọ̀) tí ọkọ̀ abẹ́ omi kan lè gbé kò pọ̀, owó ńlá sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gákọ̀ Jámánì tó bá rí ọkọ̀ akéédú tó ti gbó kì í fẹ́ fi tọ̀pídò ṣòfò lé e lórí. Yóò gòkè wá sójú omi, yóò yìnbọn ìkìlọ̀ kan, àwọn atukọ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, yóò wá fi ìbọn orí dẹ́ẹ̀kì rẹ̀ parí iṣẹ́ náà. Bí ọkọ̀ abẹ́ omi bá sì ti gòkè báyìí, kò lágbára mọ́. Ìbọn tó bá bà á dáadáa, ó lè lu ara rẹ̀ jálẹ̀. Nítorí náà, wọ́n wá ọkọ̀ tó jọ aláìlólùgbèjà, wọ́n kó ìbọn sí i lábẹ́ aṣọ, wọ́n sì ní kó máa lọ kó máa bọ̀ níbi tí ọ̀tá wà, bí ìdẹ lẹ́nu ìwọ̀. Queenstown ní gúúsù Ireland, ìlú tí wọ́n ń pè ní Cobh lónìí, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣe ibùdó, lábẹ́ Ọ̀gágun Lewis Bayly. Ibẹ̀ ni lẹ́tà Q tí wọ́n fi ń pè wọ́n ti wá, bí wọ́n ṣe sábà máa ń sọ. Loderer di Q5.

Ibi tí wọ́n ti tún un ṣe ni Devonport, lórí ìdúró ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1915, ó wọ iṣẹ́ ogun, Gordon Campbell sì ni ọ̀gá tí wọ́n fi ṣọ́ ọ. Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà sí Farnborough kí àṣírí má baà tú.

Àwọn ìwé ogun máa ń sọ̀rọ̀ Campbell púpọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi káfíńtà ni mí, àwọn káfíńtà àti alágbẹ̀dẹ Devonport ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ni wọ́n kó ìbọn àgbá márùn-ún, ìbọn kékeré méjì àti ìbọn arọ̀jò-ọta Maxim kan sínú ọkọ̀ èédú, tí ẹni tó bá súnmọ́ ọn kò rí nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Ara ọkọ̀. Pákó mẹ́jọ ni mo tò léra, mo ti fi ayùn ṣí àárín mẹ́fà nínú wọn kí n tó lẹ̀ wọ́n, kí inú ọkọ̀ lè ṣófo. Gọ́ọ̀mù káfíńtà, kílámpù, ọjọ́ kan kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ìfági, ọ̀bẹ, sáńpépà líle, sáńpépà rírọ̀. Kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ìgbà náà dà bí àpótí tí wọ́n fún ní imú níwájú: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́, ìdí rẹ̀ nìkan ló yí díẹ̀. Ọmọṣẹ́ mi ló fá ìdajì rẹ̀, mi ò sì tún un fá.

Mo lu ihò mẹ́rin láti inú ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí yóò ti jókòó lórí pèpéle rẹ̀. Òwú ọ̀rá ni yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ìṣó kan ṣoṣo lábẹ́ pèpéle ni yóò di gbogbo òwú náà mú.

Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún

Ibí ni mo há sí.

Ní ẹ̀gbẹ́ dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ akẹ́rù, ògiri irin kékeré kan máa ń wà tí kì í jẹ́ kí omi òkun gbá ènìyàn lọ. Lára Farnborough, wọ́n gé apá kan nínú ògiri yìí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n fún un ní híńjìsì nísàlẹ̀, wọ́n sì dá a padà sáàyè rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìbọn wà. Bí àṣẹ bá dé, wọ́n á tú u sílẹ̀, á ṣubú síta, ẹnu ìbọn á yọ. Lójú ẹni tó ń wò láti òkun, ìlà kan náà ló gún láti iwájú dé ìdí.

Mo fi pákó arère tín-ín-rín ṣe ògiri méjèèjì. Wọ́n wọlé gééré, bí ẹni pé a kò gé nǹkan kan. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi láti ilé ìdáná pé kó wá wò ó. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọyẹ́ wọlé.

Ní àárọ̀, pákó ti fún, ó sì ti tẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ògiri tòsì àti ara ọkọ̀ tó ìbú igi ìṣáná kan, ìyẹn mílímítà méjì. Ẹ fi 150 ṣe ìsodipúpọ̀ rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà ọgbọ̀n ni lójú òkun, àlàfo tí ọmọdé lè ki orí bọ̀. Ọmọṣẹ́ mi wò ó, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ fi ọ̀dà dí i. Ẹni tó bá dúró lókèèrè ò ní mọ̀.”

Mo ní kó jókòó, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1917 fún un. Màá kọ ìtàn ọjọ́ náà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n apá tó kan ògiri nìyí: ọkọ̀ abẹ́ omi U-83 kò dúró lókèèrè. Ó yọ awò rẹ̀, ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń wo òkè láti abẹ́ omi, lójú omi, ó rọra yí Farnborough po, ó súnmọ́ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré débi pé nǹkan bí mítà mẹ́wàá péré ló wà láàárín wọn, ó ń yẹ ọkọ̀ náà wò ní ìgbọ̀nwọ́ ní ìgbọ̀nwọ́. Ká ní ẹnikẹ́ni ní Devonport ti sọ pé “ẹni tó bá dúró lókèèrè ò ní mọ̀”, gbogbo àwọn tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn ògiri náà ni ì bá bómi lọ. Ẹni tí wọ́n kàn án fún kò sí lókèèrè.

Ọmọ náà ò fèsì. Ó mú sáńpépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ògiri ọ̀tún.

Mo gbìyànjú ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀kan: mo lẹ pákó méjì pọ̀, kí okùn igi wọn dábùú ara wọn. Ó dúró gún, ṣùgbọ́n ó ti nípọn jù, ó hàn pé ó yàtọ̀. Èkejì: igi ọ̀mọ̀ dípò arère. Ó sàn díẹ̀, ọyẹ́ tún fà á. Ẹ̀kẹta ló ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́, torí irin ni ti ọkọ̀ gidi náà. Mo gé agolo mílíìkì, mo fi ọmọlù tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lórí gíláàsì, mo fi sáńpépà fọ àwọ̀ rẹ̀ kúrò. Agolo kì í mọ ọyẹ́.

Híńjìsì rẹ̀: mo ká etí agolo náà yí abẹ́rẹ́ po, mo yọ abẹ́rẹ́, mo fi wáyà bàbà tí mo bó lára wáyà iná sínú rẹ̀, mo wá ri ẹnu wáyà méjèèjì mọ́ dẹ́ẹ̀kì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, gọ́ọ̀mù ṣàn wọ inú híńjìsì, ó sì dì gbagidi. Mo tú u, mo ṣe òmíràn. Mo fi àbẹ́là pa inú rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù má ráyè wọlé. Ìyẹn ni màá máa ṣe láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ kó rántí àbẹ́là.

Mo fa ìṣó. Ògiri méjèèjì já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dún kpa. Mo dá wọn padà. Mo gbé iná súnmọ́ ọn, mo fi ìka àti èékánná wá àlàfo. Èékánná ò wọlé.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà

Ilé irọ́ ní ìdí ọkọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù máa ń ní ilé kékeré kan níbẹ̀ tí ẹ̀rọ ìdarí wà nínú rẹ̀. Ti Farnborough dà bí ti gbogbo ọkọ̀, àmọ́ ìbọn ló wà nínú rẹ̀, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń ṣubú bí páálí. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti mọ ọgbọ́n agolo, ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é.

Ẹnu ìbọn ńlá wọn fẹ̀ ní ínǹsì 3, ìyẹn mílímítà 76. Lórí tèmi, ìdajì mílímítà ni. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni mo gé fún márààrún: ọ̀kan ní ìdí, méjì lẹ́yìn ògiri ẹ̀gbẹ́, méjì nínú àwọn yàrá orí dẹ́ẹ̀kì. Méjì tó kéré jù wà ní igun pèpéle ọ̀gákọ̀. Maxim wá wà nínú àgò adìyẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni, àgò adìyẹ. Àwọn ọkọ̀ máa ń gbé adìyẹ lọ sójú òkun, ojú tó bá sì rí àgò adìyẹ kì í tún wò ó mọ́. Ẹni tó ronú kan ìyẹn mọ ènìyàn dénú. Mo fi igi ìfọyín ṣe tèmi, mo sì fi ìyẹ́ funfun kékeré kan há ẹnu rẹ̀.

Bí mo ṣe ń to ìbọn ni mo ń rò ó bí àwọn ènìyàn náà ṣe gbé láàárín wọn. Ọkùnrin 67 ló wà nínú ọkọ̀ náà, ọ̀gá 11 àti ọmọṣẹ́ 56, iye tó ju èyí tí ọkọ̀ akéédú ń lò lọ fíìfíì. Nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ ló gbọ́dọ̀ hàn lórí dẹ́ẹ̀kì nígbà kan. Wọn ò wọ aṣọ ogun. Wọn ò kí ọ̀gá bí ọmọ ogun ṣe ń kí. Irun wọn kún, ẹ̀wù wọn ti já. Ọmọ ogun tí wọ́n ti kọ́ láti ìgbà èwe pé kó dúró ṣánṣán ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, láti oṣù kẹwàá títí wọ inú ọdún tuntun, nínú òtútù òkun Àtìláńtíìkì, wọn ò rí ọ̀tá kankan. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1916, ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Ireland, tọ̀pídò kan kọjá lára wọn, kò bà wọ́n. Campbell ní kí wọ́n máa lọ bí ẹni tí kò rí i. Ẹ rò ó wò: kí ikú kọjá níwájú rẹ, kí o má yí orí. Láìpẹ́, U-68 gòkè, ó yìnbọn síwájú wọn. Wọ́n dúró, wọ́n tú ooru ẹ̀rọ jáde bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, àwọn kan sáré lọ sídìí ọkọ̀ kékeré. Ọkọ̀ abẹ́ omi náà súnmọ́. Nígbà tó kù nǹkan bí mítà 700, àsíá ọkọ̀ akẹ́rù wálẹ̀, àsíá funfun àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (kì í ṣe àsíá ìtúúbá) gòkè, ògiri ṣubú.

Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Ohun tí yóò jẹ ní ń wá.

Ìgbà mọ́kànlélógún ni àwọn ìbọn ńlá sọ̀rọ̀. Bí U-68 ṣe ń wọ omi, Farnborough gba orí rẹ̀ kọjá, ó sọ bọ́ǹbù abẹ́ omi sílẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ bá ọkọ̀ abẹ́ omi. Imú rẹ̀ yọ sókè láti inú omi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lóòró, ó sì rì. Ọkùnrin 38 ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó yè.

Mo dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ àsíá yẹn ṣe pàtàkì. Òfin ogun gbà kí ọkọ̀ fi àsíá ẹlòmíràn tan ọ̀tá jẹ, ṣùgbọ́n kò gbà kó yìnbọn lábẹ́ rẹ̀. Àsíá tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè kí ọta àkọ́kọ́ tó jáde. Mo so àsíá funfun mọ́ òwú kan náà tó di ògiri mú, mo sì gé òwú rẹ̀ kúrú díẹ̀, kó lè jẹ́ pé àsíá ni yóò kọ́kọ́ yọ. Ó gbà mí ní ọjọ́ kan gbáko láti ṣe ìyẹn dáadáa, èmi kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ keje

Àwọn ènìyàn. Ní ìwọ̀n yìí, ọkùnrin kan ga ní mílímítà 11. Wáyà ni egungun rẹ̀, gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun igi ni ara rẹ̀. Mo ṣe mẹ́fà fún orí dẹ́ẹ̀kì, mẹ́rìnlá fún ọkọ̀ kékeré. Mo wá bẹ̀rẹ̀ àwọn tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

Ọmọṣẹ́ mi bi mí pé, “Ọ̀gá, àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri yìí, bí ògiri ò bá ṣubú, ta ló máa rí wọn?”

Kò sí. Iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1917, Jámánì kéde pé àwọn yóò máa ri ọkọ̀ láìsí ìkìlọ̀. Ọgbọ́n àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ọ̀tá bá ti ń ta tọ̀pídò láti abẹ́ omi, kí ló máa gbé e gòkè? Campbell ronú ohun tó le koko: ẹ jẹ́ kí tọ̀pídò bà wá. Ọkọ̀ tó ti gba tọ̀pídò, tó ń rì, tí àwọn atukọ̀ rẹ̀ ti sá, ọ̀tá lè gòkè wá wò ó. Ó wá pàṣẹ pé bí ẹnikẹ́ni bá rí tọ̀pídò tó ń bọ̀, kí wọ́n fi kún ìyára ọkọ̀ tàbí kí wọ́n dín in kù, kí ó má baà ṣèèṣì kọjá láìbà wọ́n.

Mo ti ka ìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùnlélógójì láàárọ̀, tọ̀pídò U-83 ń bọ̀ láti òkèèrè. Campbell yí ọkọ̀ díẹ̀, kì í ṣe kó lè bọ́, bí kò ṣe kí tọ̀pídò má baà wọ yàrá ẹ̀rọ níbi tí àwọn ènìyàn wà. Ó bá yàrá ẹrù. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn nínú ọkọ̀ náà ni láti ṣojo. Wọ́n ti fi dánra wò léraléra. Wọ́n sáré, wọ́n pariwo, wọ́n ti ara wọn, wọ́n sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, wọ́n sì wà á kúrò bí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́. Àwọn yòókù dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn agolo mílíìkì tí mo ń gé yìí. Wọ́n ń gbọ́ omi tó ń kún lábẹ́ wọn. Wọn ò gbọ́dọ̀ yọjú, wọn ò gbọ́dọ̀ wúkọ́. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ dúró nísàlẹ̀ títí omi fi lé wọn jáde. Ọ̀gá wọn wà lókè lórí pèpéle, ó dọ̀bálẹ̀ bíi tiwọn, ó ń yọ́jú wo awò U-83 bó ṣe ń yí wọn po.

Ìṣẹ́jú márùnlélọ́gbọ̀n ni, tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n? Mo tún un ṣírò lórí ògiri ilé iṣẹ́ mi: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n yìnbọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ sìmẹ́ńtì, kó má mira, mo sì tan aago. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló lò. Èmi náà dọ̀bálẹ̀, mo lo mọ́kànlá. Omi kankan kò sì wọ ilé iṣẹ́ wa.

U-83 gòkè. Ọ̀gá rẹ̀, Bruno Hoppe, ń jáde láti ẹnu ọ̀nà òkè nígbà tí ọta àkọ́kọ́ bá a. Nǹkan bí mítà 90 péré ló wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì. Ọta 45 ni wọ́n yìn. Nígbà tó rì, nǹkan bí ènìyàn mẹ́jọ ló hàn lójú omi, méjì péré ni àwọn ará Farnborough rí fà sókè, ọ̀gá kan àti ọmọṣẹ́ kan. Àwọn kan náà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe bí ojo nínú ọkọ̀ kékeré ló lọ fà wọ́n.

Farnborough fúnra rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀. Campbell fi wáyà ránṣẹ́ sí Bayly ní Queenstown pé Q5 ń rì díẹ̀díẹ̀, òun sì fi ọ̀wọ̀ kí i pé ó dìgbà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò rì. Igi ni wọ́n máa ń kó kún ikùn irú ọkọ̀ ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀, torí igi kì í jẹ́ kí ó tètè lọ. Ọkọ̀ ogun Narwhal àti Buttercup dé, wọ́n fi okùn fà á lọ sí Berehaven, wọ́n sì gbé e gun ilẹ̀ ní Mill Cove.

Nígbà tí wọ́n fún Campbell ní àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọn ò kọ ohun tó ṣe síta. Ìròyìn fi yé aráyé pé ó gbóyà, ó tán. Wọ́n ṣì ń tọ́jú àṣírí. Òun àti ọ̀pọ̀ nínú wọn kó lọ sínú ọkọ̀ ẹ̀tàn mìíràn, Pargust, lẹ́yìn náà Dunraven. Ìtàn ìyẹn yàtọ̀.

Mo ṣe ọkùnrin mẹ́tàlélógún tó dọ̀bálẹ̀. Mo kun ojú wọn. Mo fún àwọn tó wà nídìí ìbọn ọ̀tún ní fìlà, ọ̀kan nínú wọn sì gbórí lé apá rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ

Ọ̀dà. Mo kọ́kọ́ ń bẹ̀rù apá yìí, ó wá jẹ́ pé òun ló rọrùn jù. Ọkọ̀ ẹ̀tàn kì í ní àwọ̀ kan. Bí ọ̀tá bá ti rí i lánàá tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kò gbọ́dọ̀ rí i lónìí tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ kan náà. Lóru ni wọ́n ń kun ún, wọ́n ń pààrọ̀ ìlà ara ọ̀pá èéfín, wọ́n ń pààrọ̀ orúkọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Dúdú ni mo kun ara, pupa tó ti ṣá ni ìsàlẹ̀, àwọ̀ ẹ̀kọ ni àwọn ilé orí dẹ́ẹ̀kì. Fún ọ̀pá èéfín, bébà mẹ́rin ni mo ká bí apá ẹ̀wù, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlà tirẹ̀: a lè yọ ọ̀kan kí a fi òmíràn wọ̀ ọ́. Mo fi omi ìpẹtà tí mo yọ lára ìṣó àtijọ́ sínú ọtí kíkan ṣe ìpẹtà ojú ihò omi. Èyí tó ṣàn jù, mo fi sáńpépà rírọ̀ pa á.

Mo ti fẹ́ kun ẹ̀gbẹ́ inú ògiri agolo náà. Ọmọṣẹ́ mi ló ní kí n fi í sílẹ̀ bí irin tó wà, kó lè kọ mọ̀nà nígbà tó bá ṣubú. Ó tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é.

Mi ò ṣe ihò tọ̀pídò. Mo rò ó gan-an, mo tilẹ̀ gé pákó rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n dí ihò náà, ọkọ̀ náà sì tún rìn fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án

Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ wá kí wa. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ṣì mú. Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn. Mo gbé àga fún wọn níwájú ọkọ̀ náà, mo lọ ra omi tútù. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti wọ awò ojú wọn, wọ́n ti fọwọ́ pa á láti iwájú dé ìdí.

“Iṣẹ́ náà mọ́,” wọ́n ní. “Ọkọ̀ wo ni?”

“Ọkọ̀ èédú ni, Bàbá.”

“Mo rí i bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tóo fi oṣù méjì ṣe ọkọ̀ èédú? Ta ló fẹ́ rà á?”

Mo wo ọmọṣẹ́ mi, òun náà wò mí. Inú mi dùn débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n na ọwọ́ sí abẹ́ pèpéle, kí wọ́n fa ìṣó tí wọ́n bá kàn níbẹ̀.

Wọ́n fà á. Àsíá yọ. Ògiri já, ilé ìdí ọkọ̀ tú palẹ̀, agolo kọ mọ̀nà. Bàbá fà sẹ́yìn lórí àga. Wọ́n wá tẹ̀ síwájú, wọ́n sún awò wọn, wọn ò wo ìbọn. Àwọn ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ ni wọ́n ń kà. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n tán, wọ́n bi mí pé, “Ṣé wọ́n yè?”

Mo ní àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri yè lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kejì ni kò yè, àyàfi ẹni méjì. Wọ́n mi orí. Wọ́n fi ìka ti ògiri ọ̀tún sókè fúnra wọn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi wọ àyè rẹ̀, wọ́n wá fi èékánná wá àlàfo bí èmi ṣe ṣe.

“Agolo ni?”

“Agolo ni, Bàbá. Ọyẹ́ ba ti pákó jẹ́.”

“Ó yẹ kó jẹ́ agolo láti ìbẹ̀rẹ̀,” wọ́n ní.

Ohun tó kù kò pọ̀ mọ́. Pátákó orúkọ mẹ́ta ló wà fún ìdí ọkọ̀, mo fi ìgò mímú fá lẹ́tà wọn. Loderer ti gbẹ, Farnborough ti gbẹ. Lẹ́yìn ogun, wọ́n kó ìbọn kúrò, wọ́n tún ara ọkọ̀ náà ṣe, wọ́n tà á fún oníṣòwò, ó sì padà sídìí ẹrù kíkó pẹ̀lú orúkọ Hollypark. Láàárín ọdún tó kù fún un, àwọn tó ń kó ẹrù wọ̀ ọ́ ní èbúté lè ti gbé ẹ̀yìn ti ibi tí híńjìsì wọ̀nyẹn wà, kí wọ́n máa mu sìgá. Mo ti ṣe ọkùnrin méjì bẹ́ẹ̀, ọ̀kan jókòó, ọ̀kan dúró, tí a lè gbé sórí dẹ́ẹ̀kì nígbà tí pátákó kẹta bá wà níbẹ̀.

Ọ̀dà Hollypark ṣì tutù. Ọ̀la ni màá kàn án mọ́ ọn.